Módẹ́ẹ̀mù Bàbá Ń Dá Gbé Ìpè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Báyìí ni mo ṣe ń pe ilé.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun, mo máa ń lọ jókòó sí ìkángun yàrá kọ̀ǹpútà, lórí àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Màá yọ wáyà kúrò lára tẹlifóònù ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà, màá tì í bọ ìdí módẹ́ẹ̀mù. Á dún kọ̀. Àpótí pẹlẹbẹ ni módẹ́ẹ̀mù yìí, iná pupa wínníwínní tò sójú rẹ̀. Òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ariwo tí wáyà tẹlifóònù lè gbé. Aláriwo ni mo ń pè é.

Gbogbo àṣẹ tí wọ́n ń pa fún un, AT ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ pe ọmọ lórúkọ kó tó rán an níṣẹ́. ATZ: gbàgbé ohun tí ẹlòmíì wí fún ọ lónìí. Á fún mi ní 0. 0 ni pé, mo gbọ́. Lẹ́yìn náà, ATDT àti nọ́ńbà ilé wa. Á dún hùùù, á tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, agogo á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. N kì í kánjú. Mo mọ̀ pé Bàbá ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga ni. Tó bá jókòó tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ ATA, ìyẹn àṣẹ pé kí módẹ́ẹ̀mù tọ̀hún gbé ìpè. Aláriwo á ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Á dákẹ́. 10 á yọ lójú kọ̀ǹpútà.

10 ni pé a ti so pọ̀. Lẹ́yìn 10, Bàbá.

Wọ́n yọ àpótí ohùn Bàbá lọ́dún tó kọjá nítorí jẹjẹrẹ ọ̀fun. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe atẹ̀wé níwájú kóòtù; ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ̀, kì í wo ọwọ́. Kí n tó wá kàwé síbí ni mo to kọ̀ǹpútà àlòkù kan jọ sí pálọ̀ fún un. Òun ló ní kí n pàṣẹ fún ẹ̀rọ méjèèjì kí wọ́n máa fi nọ́ńbà jẹ́ni dípò ọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò lè gba àpótí tòun tán, kí àpótí ẹlòmíì wá máa fẹnu rojọ́ nínú ilé òun.

Ìyá Wáyà ni Bàbá ń pè mí.

Lónìí ó ní ikọ́ ń dín kù. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìlà kan ṣoṣo kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Olùkọ́ bi kíláàsì léèrè lónìí pé kí ni ìyàtọ̀ 3 sí 7. Ọkàn mi ń dáhùn, ẹnu mi kò ṣí.

7 ni pé ẹnì kan ń lo ìlà lọ́hùn-ún. Ó kéré tán, o mọ̀ pé èèyàn wà nílé. Ṣùgbọ́n 3 — agogo dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e: 3. Èèyàn gbé e dípò ẹ̀rọ: 3. Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n gé ìlà: 3. N kò fẹ́ràn 3. Kì í ṣàlàyé.

Bàbá nìkan ni 3 rẹ̀ kì í dẹ́rù bà mí. Tó bá fẹ́ lọ, á kọ́kọ́ tẹ àmì àròpọ̀ mẹ́ta, +++, á dúró díẹ̀ kí módẹ́ẹ̀mù lè kúrò lórí ọ̀rọ̀ wa kó sì gbọ́ tirẹ̀, á wá tẹ ATH kó gé ìpè. Àwọn àmì mẹ́ta yẹn máa ń kọjá sọ́dọ̀ mi. Bí ìgbà tí èèyàn bá wú ikọ́ díẹ̀ kó tó dìde.

10 lónìí. Ó ní Màámi se ọbẹ̀ tí kò ní ata fún òun, pé tí òun bá lóhùn ni, òun ìbá pariwo.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn mi lónìí àfi ẹni tó ta búrẹ́dì fún mi. Èmi àti Bàbá, n kò mọ ẹni tó yadi jù.

10. Ó tètè lọ. Ó ní orí ń fọ́ òun, kí n lọ kàwé, ìdánwò kì í dúró de èèyàn. +++.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

7.

7.

7. Kọ́kọ́rọ́ ti ń mi kọ́kọ́rọ́. (Ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ogún kọ́kọ́rọ́ ló so mọ́ ìbàdí, èèyàn á gbọ́ ọ kó tó rí i.)

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

7 láti aago mẹ́fà títí Kọ́kọ́rọ́ fi ti yàrá. Ta ló ń lo ìlà ilé wa láti àná? Màámi kì í pẹ́ lórí fóònù, ó gbà pé ó ń mú etí gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni? Kò-sí-wàhálà. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn láti kékeré. Ilé ń jó o, ohun tó máa wí nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́yìn mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín. "Madam Tẹlifóònù, ẹni ẹ ti rí ẹlòmíì o. Lọ jẹun jàre." Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. N kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Mo pè láàárọ̀ torí Kọ́kọ́rọ́ máa ń wá gbálẹ̀ ní Sátidé. 0. Agogo dún. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹnì kan gbé e — èèyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Aláriwo ní ẹnu kékeré tó fi máa ń jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń lọ lórí ìlà. Mo gbọ́ obìnrin kan: "Hẹlóò? Hẹlóò? Ta nìyẹn?" N kò mọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ariwo èèyàn. Wọ́n ń wọ́ àga. Ọmọ kan ń ké. Ọkùnrin kan sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ yà lọ́nà." Pálọ̀ wa ni, mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn wa ṣe máa ń ké.

N kò lè dáhùn. Módẹ́ẹ̀mù kò níbi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Mo ń wo àpótí náà, obìnrin yẹn sì ń pè, "Hẹlóò, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀!" Ó wá sọ fún ẹnì kan níbẹ̀ pé, "Kò sẹ́ni tó ń fọhùn." Ó gbé e sílẹ̀.

3.

Mo yára dá wáyà padà sára fóònù Kọ́kọ́rọ́, mo pè pẹ̀lú ọwọ́. Ó ti ń dún pé wọ́n ń lò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Yàrá kọ̀ǹpútà wà ní títì. Mo lọ sí ibi fóònù ẹnu géètì, mo tò. Kò-sí-wàhálà ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ti ha.

Mo bi í pé ta ni àwọn èèyàn tó kún ilé lánàá. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ atẹ̀wé Bàbá ló wá kí i. Mo ní kó jẹ́ kí n bá Màámi sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti sùn. Aago mẹ́rin ọ̀sán! Mo ní Màámi, sùn? Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ara àwọn náà kì í ṣe irin. Kò sí wàhálà. Lọ gbájú mọ́ ìwé ẹ." Mo ní Bàbá ńkọ́? Ó ní, "Bàbá á bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́la. Lórí ẹ̀rọ yín yẹn."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí n kò rí Bàbá. Ọ̀la ti sún mọ́. Mo fọ aṣọ mi gbogbo, kódà èyí tó mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

10! Agogo ò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí ẹ̀rọ fi gbé e. Bí ẹni pé ó ti ń dúró dè mí.

"Ìyá Wáyà, báwo ni," ni Bàbá wí. Ó ní ara ti ń le. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ló kún ilé, wọ́n fẹ́ jẹ òun tán. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti béèrè nǹkan kan.

Ó lọ lójijì. 3.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Mo jí pẹ̀lú ohun kan lọ́kàn. Agogo kan ṣoṣo.

Bàbá kì í lè dé ìdí ẹ̀rọ kí agogo kan tó dún tán. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ló dá gbé ìpè. Kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ ATS0=1: tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan, gbé e, má bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́ Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá kọ̀ ọ́ lójú mi. Ó ní fóònù ilé ni, gbogbo ẹni tó bá pè wá kàn á máa gbọ́ igbe módẹ́ẹ̀mù létí, wọ́n á ní òun ló ń ké bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gé òun lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín títí tí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

Ìrọ̀lẹ́: 10, agogo kan. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá gbé e. Ó dáhùn pé, "Orúnkún ń dun mí, Ìyá Wáyà. Kò sí wàhálà, Ìyá Wáyà."

Mo wo ìlà yẹn títí.

Ó lọ. 3. Kò sí +++ kankan. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n kàn fa wáyà yọ.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Ọ̀rọ̀ Bàbá máa ń dé bí òjò tó bá ti mú ọ̀nà pọ̀n: kò yára, kò falẹ̀, kò dúró. Ti ìsinsìnyí ń dé ní méjì-méjì. Lẹ́tà méjì, ó dúró, lẹ́tà méjì. Ẹni tó ń wá lẹ́tà lójú kíbọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ báyẹn.

Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ló ń dùn ún.

Ó pè mí ní Ìyá Wáyà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lónìí. Bí ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ í sè, tó wá ń bu iyọ̀ sí i ṣáá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí ẹnu géètì, mo pe ilé pẹ̀lú ohùn mi. Mo fẹ́ bá Màámi sọ̀rọ̀. Agogo kan, igbe ńlá sì bọ́ sí mi létí — módẹ́ẹ̀mù ilé wa ló gbé e. Ó rò pé ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ ni mí. Mo ń sọ pé "Màámi, Màámi," ó ń ké mọ́ mi. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ìyá ọkọ yín ló gbé e ni?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó tẹ àṣẹ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Gbogbo ẹni tó bá ń pe ilé wa lọ́sẹ̀ yìí, igbe yẹn ni wọ́n ń bá pàdé. Ẹnikẹ́ni kò lè bá Màámi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn ní àṣẹ náà, èmi ni mo so wáyà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

N kò ní kọ ohun tí mo ń rò síbí. Tí mo bá kọ ọ́, á ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Mo ka ìwé. Ojú mi nìkan ló kà á.

Kọ́kọ́rọ́ ń gbálẹ̀. Mo bi í bóyá ìlà lè burú débi tí yóò máa gbé àmì +++ mì. Ó fara ti ìgbálẹ̀. Ó ní ìlà tó bá burú á ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́, kò ní ṣa àmì mẹ́ta jẹ kó fi ìyókù sílẹ̀. Ó wò mí. Kò pè mí ní Madam Tẹlifóònù. Ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ máa parí ìdánwò?" Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ parí ẹ̀ ná." Ó padà sídìí ìgbálẹ̀.

Ohun tí gbogbo àgbà ń wí nìyẹn. Parí ẹ̀ ná.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Ìdánwò àkọ́kọ́. Ìṣirò. Mo kọ ọ́ dé òpin, n kò rántí ìbéèrè kankan.

10. "Báwo ni ìdánwò?" Mo ní ó dára. "Bàbá ń fi ẹ́ yangàn," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló tún un sọ: "Mo ń fi ẹ́ yangàn." Ó dúró pẹ́. Èmi náà dúró. Ó dà bí ẹni méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró.

Mo lè bi í. Àwọn lẹ́tà náà wà níka mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá béèrè, á ní láti dáhùn.

3.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Ìdánwò kejì. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kan náà — Ìyá Ìbéèrè — ní mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ní kí ni mo sọ. Ó ní, "Hẹlóò. Hẹlóò lò ń pè ṣáá. Ta lò ń pè?"

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà fi nǹkan kan kún un.

Mo pè ṣáájú àkókò, torí wọ́n fẹ́ lo yàrá náà. Aago mẹ́fà ò tíì lù. 0. Agogo kan. Igbe. 10.

Mo tẹ̀ pé: Ẹ káalẹ́, Bàbá.

Kò sí nǹkan. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ẹ̀rọ ló dá gbé e sí pálọ̀ òfìfo. Mo fẹ́ gé e. Lẹ́tà kan wá yọ: e. Ó dúró. m. Ó dúró. i. Mo ronú pé ọmọdé kan ló ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣeré. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dé bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọwọ́ kan gun àkàbà. Kọ̀ǹpútà kì í gbé àmì ohùn. Èmi ni mo máa ń fi sí i tí mo bá ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá síbí. Èyí, n kò fi nǹkan kan sí i. Bó ṣe dé nìyí:

emi ni iya re

egbon re lo ra buredi

Màámi. Màámi tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn rí, tó máa ń da aṣọ bò ó kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé kíkà, ìka rẹ̀ ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò mọ àṣẹ kankan. Kò sì nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gbé ìpè fúnra rẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju kó máa wá lẹ́tà.

omo mi baba re ti lo

ojobo ijosi a sin in ni satide

Sátidé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ yà lọ́nà. Mo gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ, n kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbé kọjá.

won ni ki n ma so fun o titi o fi pari idanwo

n ko le fi pamo mo

se idanwo re o

Mo tẹ̀ pé, Màámi. N kò mọ ohun tí mo máa tẹ̀ lé e. N kò mọ̀ bóyá ó rí i.

ma so fun egbon re pe mo so

ojoojumo ti o ba ti kuro nidi ero yi o ma n sunkun

o ro pe mi o gbo

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìlà. Èmi mọ̀ ọ́n, n kò gé e. A jókòó bẹ́ẹ̀, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, ìlà ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ wọlé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ lo yàrá. Ó rí ojú mi. Ó yí wọn padà, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

o ti de

3.

N kò tíì sunkún. Ó wà níbì kan, ó ń bọ̀. Mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà náà. Ìyá Ìbéèrè wọlé, ó wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó rọ omi gbígbóná fún mi, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló sin Bàbá ní Sátidé. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ń fi ìka méjì wá ohun tí Bàbá ìbá sọ fún mi.

Lọ́la, ìdánwò ìkẹyìn ní aago mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ìlà tẹlifóònù àti módẹ́ẹ̀mù ni. N óò ṣe é. N óò di ẹrù mi lọ́sàn-án, kí n lè wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Ẹtì. Ní ìrọ̀lẹ́ n óò pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó, á kí mi bíi Bàbá, n óò sì kí i bí ọmọ Bàbá. N óò sọ fún un pé mo ti parí. Lẹ́yìn náà n óò tẹ̀ ẹ́ pé: Bàbá, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti ṣe dáadáa. Ẹ ní kó lọ sùn.